Ojú Tí Màmá Fi Ń Wo Ìrìn Wa

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń dàgbà, kò sí àga kan nílé wa ní Durumi, ní Abuja, tó lè ní òun mọ ìdí Màmá dáadáa. Ìyá bàbá mi ni wọ́n. Bí wọ́n bá jókòó, ẹsẹ̀ wọn á máa mì. Bí wọ́n bá dìde láti lọ bu omi, wọ́n á rí aṣọ tó yẹ ní kíká lójú ọ̀nà, wọ́n á ká a, wọ́n á gbàgbé omi. Ìdúró ni wọ́n fi ń mu tíì, níwájú fèrèsé ilé ìdáná, kí wọ́n lè máa wo àwọn tó ń kọjá ní títì. Bí àdúrà ìrọ̀lẹ́ bá ti fẹ́ gùn lẹ́nu bàbá mi, a ó gbọ́ ìró bàtà Màmá tó ń lọ sẹ́yìn ilé. Àwọn ẹbí wa tó ń wá láti Kàbbà a máa sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín pé bí èèyàn bá fẹ́ kí Màmá ní "Òkun o," bí àwa ará Kàbbà ṣe ń kíni, kó tètè kí wọn, torí kó tó sọ ọ́ tán, wọ́n ti bọ́ sí yàrá kejì.

Dókítà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe dókítà ọpọlọ, irú dókítà tó ń wo gbogbo àìsàn tó bá wọlé ni wọ́n. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ kiri Òkè Ọya kí ìjọba tó gbé wọn wá sí Abuja, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì kí n tó wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó gba ọkàn wọn ju gbogbo ìyókù lọ. Ohun náà ni bí èèyàn ṣe lè fi ojú àti ọwọ́ lásán mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọpọlọ ẹnì kan, tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí iṣan tó ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ohun èlò wọn kò ju òòlù onírọ́bà kékeré kan lọ, àti tọ́ọ̀ṣì, àti òwú díẹ̀, àti ẹyọ ọwọ̀ kan tí wọ́n ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Inú àpamọ́wọ́ tí wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo rẹ̀ wà, pẹ̀lú Bíbélì. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi lè fi wọ́n sílé lọ́jọ́ Sunday kan péré, wọ́n ní, "Ọpọlọ ò lẹ́nu. Ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú ló ń rán níṣẹ́. Bí ìránṣẹ́ bá dé, ó yẹ kó bá ẹnì kan nílé."

Kò rọrùn láti máa gbé lábẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sùn lọ́sàn-án ju bó ṣe yẹ lọ, Màmá á ní kí n dìde, kí n máa fi ojú tẹ̀ lé ìka wọn láìyí orí. Bí àbúrò mi bá já ife bọ́, wọ́n á ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kó dijú, kí wọ́n lè wò ó bóyá ọ̀kan á máa rọra wálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá kí mi, ó sì kúrò nílé wa lẹ́yìn tí wọ́n ti fi òòlù lu orúnkún rẹ̀. Ìyá mi ni ọ̀rọ̀ náà ń tì lójú jù. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, bí ìsìn ṣe parí, Màmá rí díákónì kan tó ń fà lẹ́sẹ̀, wọ́n sì pe ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kó fi gìgísẹ̀ rìn, kó tún fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, lójú àwọn akọrin. Díákónì fara dà á títí, kó tó wá rọra sọ fún Màmá pé eéwo ló wà ní itan òun. Nígbà tí a délé, ìyá mi ní Màmá ti dójú ti òun láàárín ìjọ. Màmá ò tiẹ̀ jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ náà. "Eéwo pàápàá," wọ́n ní, "ó yẹ kí ẹnì kan béèrè rẹ̀."

Mo tún rántí wọn ní ibùdókọ̀ Utako. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló ń bọ̀ láti Kàbbà, ọkọ̀ rẹ̀ sì pẹ́. Màmá ò lè dúró nínú mọ́tò. A bọ́ sílẹ̀, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta ọsàn, wọ́n sì ń fi àgbọ̀n hàn mí bí èrò ṣe ń kọjá. Bàbá kan ń ju ẹsẹ̀ kan síta bí ẹni ń gé koríko, ó sì ká ọwọ́ kan mọ́ àyà bí ẹni gbọ́mọ: wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú rí. Ìyá kan ń gbé orúnkún sókè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú: wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, bí kò bá gbé orúnkún sókè, á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ. Mo nawọ́ sí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tiro. Wọ́n wò ó fínnífínní, wọ́n ní bàtà ló há a lẹ́sẹ̀. Mo ṣàròyé pé wọ́n ti bà á jẹ́ fún mi báyìí, pé mi ò ní lè wo èèyàn bí èèyàn mọ́. Wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi. "Ẹnu lè ní kò sí nǹkan. Ẹsẹ̀ kì í báni purọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìjà pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Apo. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní abúlé àwọn mẹkáníìkì níbẹ̀ tó máa ń tún iná mọ́tò wọn ṣe, Ṣọlá lorúkọ rẹ̀. Nígbà kan tí a gbé mọ́tò lọ, a kò bá a. Ọ̀gá ibẹ̀ ní òun ti lé e, pé ọtí ló ń mu wá síbi iṣẹ́, tó ń ta gbọ̀ngbọ́n láàárín mọ́tò àwọn oníbàárà. Màmá béèrè bóyá ó máa ń ta gbọ̀ngbọ́n láàárọ̀ pàápàá. Ọ̀gá ní láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà gbogbo. Màmá ní kí wọ́n mú àwọn lọ síbi tí ọmọ náà ń gbé.

Yàrá kan lẹ́yìn àwọn ilé ìtajà ni. Màmá gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀, kò sí ọtí. Wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì níta. Wọ́n fi òwú kàn án láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá mọ̀ ọ́n lára bó ṣe yẹ. Òwú kọjá orúnkún, ó kọjá itan, Ṣọlá kò sọ nǹkan kan. Ó kọjá ìdodo díẹ̀ kó tó ní, "Ibí yìí, Màmá." Òòlù kan orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ fò sókè ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n fi ọwọ̀ fa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti gìgísẹ̀ lọ síwájú, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra sókè. Wọ́n wá fi ìka tẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ̀n rìrì níbì kan tí eegun ti yọ gọ̀ngọ̀. Mo rí i lójú Màmá pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe eré mọ́. Wọ́n sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé nǹkan kan ń tẹ okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ yìí, pé bí a bá fi falẹ̀, kò ní rìn mọ́ láé.

Àárọ̀ yẹn náà la gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó wà níbẹ̀ fẹ́ fún un ní oògùn ara ríro kó sì ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Màmá kò pariwo. Wọ́n kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọkùnrin náà, wọn kò kúrò, wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíì wọlé, títí ó fi wá wo ẹ̀yìn Ṣọlá fúnra rẹ̀. Ikọ́ ife ni wọ́n bá nínú eegun náà. Ṣọlá lo oògùn fún ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ wá bẹ Màmá, ó ní òun kò mọ̀ ni. Èsì tí wọ́n fún un, gbogbo Apo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n: "Ọtí tí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò dá lójú, kì í ṣe ọtí mọ́."

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń lé Màmá. Mo rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ díẹ̀ fún mi, nípa bàbá wọn, ọkọ Màmá, tí èmi kò mọ̀. Bàbá àgbà ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, oorun sì ń gbé wọn lọ níbi tí wọ́n bá jókòó sí. Màmá ń jáde láàárọ̀ lọ wo àwọn ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ń padà dé nírọ̀lẹ́. Bàbá àgbà ní ó rẹ òun ni, ìyàwó wọn sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ti ń sun sí agbárí wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú. Nígbà tí wọn ó fi mọ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Mo bi Màmá fúnra wọn nípa rẹ̀ ní ọ̀sán ọyẹ́ kan, nígbà tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn ilé. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbà díẹ̀ tí mo rí ẹsẹ̀ wọn tó dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ní bó bá jẹ́ aláìsàn tí wọn kò mọ̀ rí ló jókòó síwájú wọn, wọn ì bá ti ní kó dìde, kó rìn, kó na ọwọ́, kó wo iná. Wọ́n ní wọn kò ní kí ọkọ wọn ṣe ọ̀kankan níbẹ̀. "Ojú ìyàwó ni mo fi wò ó."

Láti ìgbà ikú ọkọ wọn ni wọ́n ti ń lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí wa láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, láti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn agbẹ̀bí, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn dókítà agùnbánirọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ó ní iṣẹ́ àwọn àgbà dókítà ni, pé àwọn tòun kò lè mọ̀ nípa iṣan àti ọpọlọ. Màmá ní àwọn àgbà dókítà náà mélòó ló wà, èrò sì ti tò dé ibo síwájú wọn? Ohun tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀: kí òṣìṣẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yìí lè dúró di ọ̀la tàbí kó gbé aláìsàn sáré. Wọ́n kọ́ wọn pé kí ojú ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kí ọwọ́ tó kan èèyàn. Wọ́n kọ́ wọn pé ìbejì ni ọ̀tún àti òsì, pé èyí tí kò bá jọ èkejì rẹ̀, kí wọ́n dúró lé e lórí. Mo máa ń bá wọn lọ nígbà ìsinmi, mo sì gbọ́ ọ bí agùnbánirọ̀ kan ṣe ń ráhùn pé orúkọ àwọn àìsàn náà ti pọ̀ jù fún òun. Màmá ní, "Mi ò ní kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní kí ẹ mọ̀ pé ó wà."

Ìjà tó wà láàárín Màmá àti bàbá mi kò dún síta. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni wọ́n ń bá ara wọn fà. Màmá ti fi mọ́tò gbá òpó géètì wa, lẹ́yìn náà wọ́n tún ha ara mọ́tò ẹlòmíì lọ́nà Utako. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò fẹ́ wàhálà, ní kí Màmá jókòó sílé, pé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe láyé ti tó. Màmá ní omi tó bá jókòó sójú kan ló ń rùn. Bàbá mi mú kọ́kọ́rọ́ pamọ́, Màmá wá a rí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí wọn kò bá ara wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Àwa tó kù nílé ń rìn láàárín wọn bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún.

Àwọn ìyípadà mìíràn wà tí a rí, tí a kò kà sí. Màmá kì í rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì ń béèrè bóyá wọ́n ń bínú sí àwọn. Wọn kì í gbọ́ òórùn irú mọ́ nígbà tí ọbẹ̀ bá wà lórí iná. Ọwọ́ ọ̀tún wọn máa ń wà nínú àpò aṣọ. A ní àgbà ni.

Ọjọ́bọ̀ kan wá dé nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ tí mo wà nílé. Màmá ní kí n wa àwọn lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ láìjiyàn. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti jókòó, wọ́n béèrè aláìsàn tí a ó wò lónìí. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì aláìsàn. "Èmi ni," wọ́n ní. "Ẹ yẹ̀ mí wò bí mo ṣe kọ́ yín. Mi ò ní ran yín lọ́wọ́."

Wọ́n rò pé eré ni. Agùnbánirọ̀ kan dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó tanná sí ojú Màmá, ó ní ohun gbogbo dára. Nọ́ọ̀sì àgbà kan lu orúnkún wọn, ó ní Màmá ṣì le bí ọmọge. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń wo ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sàlámátù ló dìde lẹ́yìn wọn. Òṣìṣẹ́ ìlera ni, ọmọ Okun láti agbègbè Kàbbà bíi tiwa, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí Màmá, ó wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n padà wá. Màmá rìn. Ọwọ́ òsì wọn ń fì, ọwọ́ ọ̀tún wọn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ohun tí a so mọ́ wọn lára. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ kéékèèké ni wọ́n fi yí. Sàlámátù ní kí wọ́n máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ kan ara wọn lemọ́lemọ́. Ti òsì ń ṣe é geere, ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ń kéré sí i, ó dúró. Ó di ọwọ́ ọ̀tún náà mú, ó ń ká a, ó ń nà án, mo sì rí i pé ó ń dá dúró lọ́nà bí okùn tó ní kókó. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, kí wọ́n máa ka oṣù inú ọdún láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí Màmá ṣe ń kà á, àtàǹpàkò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Omi ti kún ojú Sàlámátù. Màmá ní kó sọ ohun tó rí.

"Màmá," ó ní, "ọwọ́ ọ̀tún yín kò jọ tòsì mọ́. Ara yín ń le, ó sì ń lọ́ra. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó lásán. Ó yẹ kí ẹ lọ rí dókítà ọpọlọ."

Màmá ti mọ̀. Wọ́n ti mọ̀ fún ìgbà díẹ̀ pé Pákínsìn ni, àìsàn ọpọlọ tó ń mú ara le tó sì ń mú un gbọ̀n, wọn kò sì sọ fún ẹnì kankan nínú wa. Èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo fẹ́ jáde, mo fẹ́ dúró. Màmá gbá ọwọ́ Sàlámátù mú, wọ́n sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: "Ìwọ lo wò mí. Àwọn tó kù, ọ̀wọ̀ ni wọ́n bù fún mi."

Nígbà tí bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Màmá kọ́kọ́ gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó sọ ohunkóhun. "Káyọ̀dé, gbà. Ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà, ìdí tí o fi sọ ọ́ ni kò tọ̀nà." Wọ́n wá sọ ìyókù. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú wọn, bí ọmọdé.

Oògùn ran Màmá lọ́wọ́ fún ọdún mélòó kan, wọn kò sì pa Ọjọ́bọ̀ wọn jẹ. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ń rìn, Màmá sì ń dúró. Ohun tó burú jù nípa rẹ̀ nìyẹn: ẹni tí kì í jókòó rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí a kàn níṣòó. Ara wọn fẹ́ lọ, mo máa ń rí i lójú wọn bó ṣe ń sáré, ẹsẹ̀ kò dáhùn. Wọ́n ń bínú sí àga, wọ́n ń bínú sí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń bínú sí àwa tí a ń dì wọ́n mú. Dókítà kan ló wá sọ fún bàbá mi pé ohun tí èèyàn lè ré kọjá máa ń ran irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá mi ra téèpù dúdú ní Utako, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí táìlì ilẹ̀ ní ìlà ní ìlà, láti yàrá Màmá dé fèrèsé ilé ìdáná. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn ṣe é. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ìlà àkọ́kọ́, wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n ré e kọjá. Wọ́n ré èkejì. Wọ́n dé fèrèsé, wọ́n yíjú padà sí ọmọ wọn. "Ẹsẹ̀ mi ti gbàgbé," wọ́n ní. "Ojú mi ló ń rán an létí."

Òtútù àyà ló mú wọn lọ, lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, bàbá mi di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú. A sin wọ́n sí Kàbbà. Sàlámátù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n dúró sẹ́yìn ọ̀pọ̀ èrò, mo sì rí wọn tí wọ́n ń sunkún láìbo ojú.

Nígbà tí a padà sí Durumi, àǹtí mi fẹ́ ṣí téèpù náà kúrò kí àlejò má baà máa wò ó. Bàbá mi ní kó fi sílẹ̀, àwọn á ṣe é. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é. Wọ́n kúnlẹ̀ bí ti ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wọ ara táìlì. Kẹrosíìnì kò mú un kúrò. Ọṣẹ kò mú un kúrò. Ìlà dúdú kéékèèké wà níbẹ̀ di òní, gbogbo wa nílé la sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè tí a bá débẹ̀, láìmọ̀ pé a ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àlejò kan bi bàbá mi láìpẹ́ yìí pé kí ni a ń ré kọjá. Bàbá mi wo ilẹ̀. Wọ́n tún gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n sì lọ bu omi fún àlejò.